Dísíjọ́ńtọ̀ tí kò yéé já: ìgbà tó já ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí iná bá ṣàdédé lọ lálẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí onílé máa ń ṣe ni pé yóò yọjú síta, yóò wo ilé àwọn ará àdúgbò. Bí tiwọn bá ń tàn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò kan SBEE, ilé iṣẹ́ iná Bẹ̀nẹ̀, inú ilé tirẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Yóò tan iná fóònù, yóò lọ síbi tí wọ́n kan àpótí iná mọ́ ògiri, yóò bá dísíjọ́ńtọ̀ (èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bíréékà) tó ti já, yóò gbé e sókè. Iná dé. Kò pẹ́, ó tún lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹlòmíràn á fi pákó ti ọwọ́ rẹ̀ kó má bàa wálẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀.

Pákó yẹn kò wúlò fún ohunkóhun. Wọ́n ti ṣe dísíjọ́ńtọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lókè, yóò já nínú lọ́hùn-ún. Ti pé kí a fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ burú ju ti pákó lọ, màá padà sórí ẹ̀. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo onílé mọ̀ ni pé dísíjọ́ńtọ̀ kì í já lásán. Ó ń sọ ìdí tó fi já, ìgbà tó já ló sì fi ń sọ ọ́. Ṣé bí ẹ ṣe gbé e sókè báyìí ló já? Ṣé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó já? Àbí ìgbà tí òjò bá rọ̀ nìkan ni? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Dísíjọ́ńtọ̀ kékeré inú àpótí ní ẹ̀ṣọ́ méjì nínú. Ọ̀kan jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi irin oríṣi méjì lẹ̀ pọ̀. Bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ju bó ṣe yẹ lọ, irin náà á máa gbóná. Ọ̀kan nínú méjèèjì á gùn ju èkejì lọ, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀, títẹ̀ yẹn ló máa tú ohun tó gbé ọwọ́ dísíjọ́ńtọ̀ dúró. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í kánjú, nítorí ooru ló ń dúró dè. Ẹ̀ṣọ́ kejì jẹ́ wáyà tí wọ́n wé yíká, tó máa ń di òòfà nígbà tí iná ńlá bá rọ́ wọlé lójijì. Òun kò mọ ìdúró rárá, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti já. Lára àwọn tó wọ́pọ̀ nílé wa, tí wọ́n kọ C10, C16 tàbí C20 sí lára (ìyẹn 10, 16 tàbí 20 ámpíà), òòfà yìí kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí iná bá tó ìlọ́po 5 sí 10 nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún 1924 ni Hugo Stotz àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Mannheim, ní Jámánì, gbé irú èyí tó ní ẹ̀ṣọ́ méjèèjì jáde. Kó tó dìgbà yẹn, fìsíbù ni wọ́n ń lò: bó bá ti jó, ó di pé kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kẹta wà tí kò sí ní gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gba ẹ̀mí là. Dífẹ́ráńsíẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Bóyá iná pọ̀ tàbí kò pọ̀ kò kàn án. Iná tó bá gba wáyà fáàsì wọlé, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó gba wáyà nẹ́tírì padà. Dífẹ́ráńsíẹ̀lì ń fi méjèèjì wéra. Bí èyí tó padà bá dín sí èyí tó lọ, ó mọ̀ pé iná ti ń jò gba ibòmíràn: ara irin firígò, ògiri tó rin, tàbí ara ènìyàn. Èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí gbọ́dọ̀ já bí ohun tó ń jò bá fi máa tó 0.03 ámpíà. Iye iná tí gílóòbù kékeré 7 wáàtì ń jẹ nìyẹn, ó sì lè pa ènìyàn bó bá pẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ntọ́ọ̀, mítà tó ń ka iná, sábà máa ń jẹ́ 500 mA. Ìyẹn lè dènà kí ilé jóná, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹni tí iná bá gbé. Ẹ lọ wo àpótí iná yín: bí ẹ bá rí bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ T sí, òun nìyẹn. Bí ẹ kò bá rí i níbì kankan, ilé yín kò ní ẹ̀rọ yìí, ó sì yẹ kó ní in.

Ìdí mẹ́ta tí iná fi ń já wá nìyí: ẹrù pọ̀ jù (ohun tó ń jẹ iná lẹ́ẹ̀kan náà ju bó ṣe yẹ lọ), tàbí wáyà méjì kan ara wọn, tàbí iná ń jò sílẹ̀. Wọn kì í já bákan náà.

Ti ẹrù ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà. Iná wa ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 220 fóòtì. Bí ẹ bá sọ nọ́ńbà ámpíà di ìlọ́po 220, ẹ ó mọ iye wáàtì tí ẹ lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tó gba 5 ámpíà kò ní ju 1100 wáàtì lọ. 10 ámpíà jẹ́ 2200. 15 jẹ́ 3300. Ẹ wá yí ìdí ohun èlò yín wò, wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kan lè jẹ́ 1000 títí dé 2000 wáàtì. Kẹ́tùlù oníná lè kọjá 2000. Fáànù kì í ju 50 sí 80. Gílóòbù òde òní kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó ń pa gílóòbù káàkiri ilé nítorí dísíjọ́ńtọ̀ ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà lásán nígbà tí áyọ́ọ̀nù ṣì wà ní príìsì, ihò ara ògiri tí a ń ki orí wáyà bọ̀. Ohunkóhun tó bá ń fi iná ṣe ooru, ibẹ̀ ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ.

Àlájà kan wà ní ìhà Ouando tó ń ta omi tútù àti bísáàpù. Dísíjọ́ńtọ̀ tuntun ni mo bá lára ògiri rẹ̀, èyí tó já síwájú sì wà lórí fèrèsé.

"Ọmọ mi, ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé. Ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa lọ́jà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àlájà. Aago mélòó ló máa ń já?"

"Bí a bá ti kírun Màgíríbì tán. Kì í já lọ́sàn-án."

"Kí ni ẹ máa ń ṣe lákòókò yẹn?"

Ó ní òun kì í ṣe nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dá a lóhùn láti inú yàrá pé àkókò yẹn lòun máa ń lọ aṣọ iléèwé àwọn àbúrò òun. Áyọ́ọ̀nù 2000 wáàtì. Firígò ìtajà méjì, nǹkan bí 400. Tẹlifíṣọ̀n àti fáànù, bí 300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2700 wáàtì, ìyẹn ámpíà 12 àti díẹ̀, lórí dísíjọ́ńtọ̀ C10 kan ṣoṣo. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe dísíjọ́ńtọ̀ sọ pé bí iná bá fi díẹ̀ kọjá nọ́ńbà rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀: bó bá wà ní ìlọ́po 1.13, ó gbọ́dọ̀ fara dà á fún wákàtí kan ó kéré tán; bó bá dé ìlọ́po 1.45, ó gbọ́dọ̀ já kí wákàtí kan tó pé. Ti Àlájà wà láàárín méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi ń já nígbà tí aṣọ bá kù díẹ̀ kó parí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ro áyọ́ọ̀nù náà sí i. Dísíjọ́ńtọ̀ àkọ́kọ́ kò ní àrùn kankan. Mo fa wáyà tuntun 2.5 (mm², ìyẹn bí wáyà ṣe nípọn tó) sí ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, mo fún un ní dísíjọ́ńtọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Àmì ẹrù tó pọ̀ jù ni pé ó ń pẹ́ kó tó já, àti pé bí ẹ bá gbé e sókè lójú ẹsẹ̀ ó lè kọ̀, àfi bí ẹ bá jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ló ṣì gbóná. Ooru àyíká náà ń ràn án lọ́wọ́: 30 dígíríì ni wọ́n fi ṣe ìṣirò nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Àpótí iná tí wọ́n kàn sábẹ́ páànù ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn ń pa á láti àárọ̀, gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Dísíjọ́ńtọ̀ tó ń gbé ẹrù yẹn láìráhùn ní oṣù keje lè máa já ní oṣù kẹta, láìsí pé ẹ ra ohun tuntun kankan.

Ohun méjì kan tún wà tó fara jọ ẹrù, tí kì í ṣe pé ẹ ń lo nǹkan púpọ̀. Àkọ́kọ́ ni iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mọ́tọ̀ firígò, ti kílíìmù (ẹ̀rọ amúlétutù) àti ti pọ́ńbù omi máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan iye tí wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń gbéra. Bí iná bá lọ tó sì padà, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, dísíjọ́ńtọ̀ á já. Bí iná bá ti lọ, ẹ pa wọ́n. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó máa tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún mọ́tọ̀ náà pẹ̀lú. Èkejì ni iná tí kò lágbára. Nígbà tí fóòtì bá wálẹ̀ gan-an lálẹ́, mọ́tọ̀ firígò lè máa gbìyànjú láti gbéra kó má lè gbéra. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń kùn, tó ń dákẹ́, tó tún ń kùn. Iná tó ń fà lákòókò yẹn pọ̀ gidigidi, bí dísíjọ́ńtọ̀ kò bá já, mọ́tọ̀ ni yóò jó.

Ọ̀rọ̀ iná tí kò lágbára yìí kan àwọn tó ń pín kọ̀ntọ́ọ̀. Àgbàlá wa ní Àjàṣẹ́, kọ̀ntọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni baálé ní, àwọn ayálégbé ní ti wọn tí wọ́n fi ń ka iye tí kálukú lò. Ní ẹ̀yìn ìlú, àwọn mìíràn ń fa wáyà tíńrín láti ilé dé ilé lórí òpó igi, wáyà aláǹtàakùn tí gbogbo wa mọ̀. Bí dísíjọ́ńtọ̀ baálé bá já, gbogbo àgbàlá ló ṣókùnkùn, kálukú á máa fi ẹ̀sùn kan ẹnìkejì. Ẹ má jà. Ẹ ro wáàtì gbogbo ilé pọ̀, kí ẹ fi wé ámpíà tí baálé gbà. Bí kò bá tó, kí baálé lọ sí ọ́fíìsì SBEE lọ béèrè fún iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dísíjọ́ńtọ̀ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ntọ́ọ̀ tí wọ́n fi èdìdì dì, ti wọn ni, kì í ṣe tiwa láti tú.

Wáyà tó kan ara wọn yàtọ̀ pátápátá. Òun kì í dúró de àṣálẹ́. Bí ẹ ṣe gbé ọwọ́ dísíjọ́ńtọ̀ sókè, tàbí bí ẹ ṣe ki ohun èlò kan bọ príìsì, pàù, ó já, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtàpá iná. Fáàsì àti nẹ́tírì ló pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé. Eku lè jẹ wáyà lókè àjà. Ẹni tó ń kan àwòrán mọ́ ògiri lè fi ìṣó gún un. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lè jókòó lé rálọ́ǹjì, wáyà tí a fi ń fa iná dé ibi tó jìnnà sí príìsì, fún ọdún mẹ́ta. Kò sí ohun púpọ̀ láti rò níbí: ẹ yọ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ki bọ̀ ọ́. Bó bá dúró, ohun náà ló bàjẹ́. Bí kò bá dúró nígbà tí ẹ ti yọ gbogbo nǹkan, inú ògiri ni ọ̀ràn wà, ẹ fi dísíjọ́ńtọ̀ yẹn sílẹ̀ nílẹ̀ kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún gbé e sókè lórí irú nǹkan báyìí ni ẹ ń fún wáyà inú ògiri ní ànfààní láti ran iná.

Iná tó ń jò ló ń da orí àwọn ènìyàn rú jù, nítorí pé ó ń já nígbà tó bá wù ú lójú wọn. Òru kan ó já, ọjọ́ mẹ́ta kò já, ọjọ́ kẹrin ó já lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òjò. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, Àjàṣẹ́ tutù, ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀rinrin kì í sì kúrò lára ògiri. Gílóòbù ìta tí wọn kò bò, príìsì ojúde, àpótí kékeré tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ lókè òrùlé tó ń jò, omi wọ ibẹ̀, iná ń gba omi lọ sí ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá yọ, ó gbẹ, gbogbo nǹkan padà sípò, oníṣẹ́ iná tó bá wá lọ́sàn-án kò ní rí nǹkan kan.

Ní àgbàlá kan ní Tokpota, dífẹ́ráńsíẹ̀lì ń já ní ìdájí. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo béèrè ẹni tó máa ń kọ́kọ́ jí, wọ́n ní ìyàwó ilé tó ń fa omi sínú táńkì ni. Pọ́ńbù wọn wà nínú kànga. A fà á jáde. Wáyà rẹ̀ kò gùn tó, ẹni tó fi í síbẹ̀ ti so òmíràn mọ́ ọn, ó fi tépù dúdú wé ojú ìso náà, tépù lásán, láìfi ohun mìíràn bò ó. Ojú ìso yìí wà lókè omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò rọ̀ tí kànga kún, omi bò ó. Tépù náà ti rọ̀, ó ń yọ lọ́wọ́ bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọdé ń fi korobá fa omi nínú kànga kan náà. Bí kì í bá ṣe dífẹ́ráńsíẹ̀lì tí wọ́n ń bú yẹn ni, mi ò mọ ohun tí à bá máa sọ.

Ohun tó ń ṣe ooru nínú omi náà ń jò bó bá gbó: kẹ́tùlù, ẹ̀rọ omi gbígbóná, irin tí wọ́n ń ki bọ korobá. Wọ́n lè má jò nígbà tí wọ́n tutù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá gbóná. Firígò tó ń ta ènìyàn lọ́wọ́ ṣíṣ nígbà tí ẹ bá wà láìwọ bàtà, ti jò ná, kò tíì tó iye tí yóò já ni. Tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ mìíràn bẹ́ẹ̀ máa ń jò díẹ̀díẹ̀ láìbàjẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ lábẹ́ dífẹ́ráńsíẹ̀lì kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ wọn lè pé 30. Irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pín in sí dífẹ́ráńsíẹ̀lì méjì ni ọ̀nà àbáyọ.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun èlò tí a ń rà láti òdìkejì ààlà. Ìgólò kò jìnnà sí wa, Kétu sì wà lójú ọ̀nà Ìlárá. Firígò àti áyọ́ọ̀nù tó gba ibẹ̀ wọlé ní orí onígun mẹ́rin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Nàìjíríà, príìsì tiwa sì jẹ́ oníhò róbótó. A ó wá ra àdàpítọ̀ kékeré. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́jà kò gbé wáyà ilẹ̀ kọjá: ẹsẹ̀ kẹta yẹn wọ inú ike, ó parí síbẹ̀. Wáyà ilẹ̀ ni ọ̀nà tí iná tó jò sára irin firígò ń gbà lọ, tí dífẹ́ráńsíẹ̀lì fi ń já kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, iná yóò jókòó sára irin náà, yóò máa dúró de ọwọ́ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná gé orí yẹn, kó fi orí tiwa tó ní ihò wáyà ilẹ̀ sí i. Wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè ni ti ilẹ̀, búlúù ni nẹ́tírì níhìn-ín. Kó má ṣe fi wọ́n rọ́pò ara wọn. Kó sì rí i dájú pé wáyà ilẹ̀ dé ilẹ̀ lóòótọ́, nítorí mo ti rí príìsì tó ní irin ilẹ̀ tó yọ síta, tí kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe máa rí ibi tí ọ̀ràn wà? Ẹ wọ bàtà, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ gbẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ fi imú àti ọwọ́ wádìí àpótí náà láti ìta: bó bá ń rùn bí ike tó jó, bó bá gbóná, bó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ lápá kan, ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa èyí tó tóbi, tó ń gé iná gbogbo ilé, kí ẹ pe ènìyàn. Ìdè wáyà tó tú níbi ìṣó dísíjọ́ńtọ̀ ló sábà ń fa ìyẹn. Ooru ojú ìdè yẹn nìkan tó láti mú kó máa já láìsí pé ẹrù pọ̀ jù.

Bí kò bá sí àmì bẹ́ẹ̀, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà ní príìsì. Kì í ṣe kí ẹ pa á, kí ẹ yọ ọ́, nítorí ohun tí a pa ṣì lè jò. Ẹ gbé gbogbo dísíjọ́ńtọ̀ kékeré wálẹ̀. Ẹ gbé èyí tó tóbi sókè. Bó bá já nígbà tí gbogbo kékeré wà nílẹ̀, ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí wáyà àárín rẹ̀ àti àpótí. Ó sì lè jẹ́ nẹ́tírì tó fara kan ilẹ̀ níbì kan, nítorí dísíjọ́ńtọ̀ kékeré àtijọ́ máa ń gé fáàsì nìkan, ó ń fi nẹ́tírì sílẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni gbogbo ìyẹn wà fún. Bó bá dúró, ẹ máa gbé àwọn kékeré sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró díẹ̀ láàárín wọn. Èyí tí ẹ bá gbé sókè tí gbogbo rẹ̀ fi já, ọ̀nà tirẹ̀ ni. Bí gbogbo wọn bá dúró, ohun èlò ló jẹ̀bi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tan kálukú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ooru gbóná dáadáa kí ẹ tó kọjá sí òmíràn. Ìkánjú níbí ló ń mú kí wọ́n dá kẹ́tùlù láre tí wọ́n sì dá firígò lẹ́bi.

Bí kọ̀ntọ́ọ̀ yín bá jẹ́ oníkáàdì, ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí. Owó lè ti tán. Àwọn kan lára wọn tún máa ń gé iná fúnra wọn bí ẹrù bá ju iye tí ẹ gbà lọ, láìsí pé dísíjọ́ńtọ̀ kankan já.

Ó wá ku ti fífi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀. Dísíjọ́ńtọ̀ kò sí níbẹ̀ nítorí áyọ́ọ̀nù yín. Nítorí wáyà inú ògiri ló ṣe wà níbẹ̀. Wáyà 1.5 tí wọ́n fi ń fa iná gílóòbù, dísíjọ́ńtọ̀ 10 tàbí 16 ló tọ́ sí i. Wáyà 2.5 ti príìsì, 16 tàbí 20. Bí ẹ bá fi 32 sórí wáyà 1.5, dísíjọ́ńtọ̀ kò ní já mọ́ lóòótọ́. Yóò jẹ́ kí 30 ámpíà máa kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Wáyà náà yóò gbóná nínú ògiri, ike ara rẹ̀ yóò máa yọ́ níbi tí ojú kò tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó àjà àti aṣọ fèrèsé. Ẹni tó bá ṣe é fún yín kò ràn yín lọ́wọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nọ́ńbà tó ga sí i, ẹ bi wọ́n pé wáyà oníwọ̀n mélòó ló wà nínú ògiri, kí wọ́n sì fi hàn yín.

Nígbà tí ẹ bá pe oníṣẹ́ iná, ẹ má kàn sọ fún un pé iná ń já. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín: ọjọ́, aago, èwo nínú àpótí ló já, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bóyá òjò rọ̀, bóyá iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìwé kékeré yẹn lè dín wákàtí mẹ́ta kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti nínú owó yín. Kí ó tó lọ, ẹ ní kó tẹ bọ́tìnnì T lójú yín. Ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà tí iná bá wà, nítorí láìsí iná kò ní já. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, tí gílóòbù sì ń tàn, dífẹ́ráńsíẹ̀lì yẹn ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.